Òpó Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dí: Bí Ẹ Ṣe Lè Tètè Fura, Láti Ẹsẹ̀ Dé Ọpọlọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rìn díẹ̀ láti ilé lọ sí ibùdókọ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún pinpin. Wọ́n á dúró, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù, ìrora náà á rọlẹ̀, wọ́n á tún máa bá tiwọn lọ. Wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á ní àgbà ló ń dé. Wọ́n á ra rọ́ọ̀bù, wọ́n á fi pa á. Bẹ́ẹ̀, ìrora tó bá ń wá lórí ìrìn, tó sì ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a bá dúró, òpó ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe oríkèé.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àrùn kan ṣoṣo ni. Ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ kò dúró sí ẹsẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ nínú òpó tó ń bọ́ ọkàn, èyí tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ, èyí tó wọ kíndìnrín. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún ibi yòókù. Ẹni tí òpó ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dí, àrùn ọkàn òjijì tàbí rọpárọsẹ̀ ló sábà ń pa á, kì í ṣe ẹsẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ ka èyí títí dópin, kódà tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló gbé yín wá síbí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé ní ṣókí. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, èéfín sìgá àti ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ha awọ náà. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, á rí àyè wọ abẹ́ rẹ̀, ara á rán sẹ́ẹ̀lì funfun lọ bá a jà, wọ́n á kú síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di èépá ọ̀rá tó ń le díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọdún 20 tàbí 30 kó tó hàn síta. Lọ́jọ́ kan, ojú èépá náà lè ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, òpó tó ti fún tẹ́lẹ̀ á sì dí pa láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tó ń gbé ẹni tó jí láìní àìlera kankan ṣubú lọ́sàn-án nìyẹn. A máa ń ní ayé ló ṣe é, tàbí pé wọ́n ta á lọ́fà, nígbà tó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ti ń dàgbà lára.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìgbà tí ìrora ń dé àti ìgbà tó ń lọ

Ọ̀nà tí wọ́n ti dí ìdajì rẹ̀ nítorí iṣẹ́, ní ìdájí kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé bá ń darí sílé ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó tó ti fún. Ẹni tó jókòó kò ní mọ nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá rìn tàbí tó gun àtẹ̀gùn, tí ẹran ara bá ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ ju èyí tí òpó náà lè gbà kọjá.

Nítorí náà, ẹ má kàn sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Ẹ ṣọ́ ara yín fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì mú ìdáhùn mẹ́ta lọ: ibo gan-an ló ń dùn, ẹ máa ń rìn tó ibo kó tó bẹ̀rẹ̀, àti pé tí ẹ bá dúró láìjókòó, ṣé ó ń lọ? Ti òpó ẹ̀jẹ̀, dídúró lásán ti tó o. Kò sábà kọjá ìṣẹ́jú 10 tó fi ń lọ, tí ẹ bá sì tún rìn tó bí ti àkọ́kọ́, á tún dé. Tó bá jẹ́ eegun ẹ̀yìn ló tẹ iṣan mọ́lẹ̀, dídúró nìkan kì í sábà gbà á, ó di ìgbà tí ẹ bá jókòó tàbí tí ẹ bá tẹ̀ síwájú. Ti oríkèé ní tirẹ̀ lè máa dùn lórí ìjókòó pàápàá, ó sì máa ń le nígbà tí èèyàn bá ń dìde.

Ibi tó ti ń dùn náà ń júwe ibi tí òpó ti dí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun, òpó itan ni a sábà ń bá a. Tó bá jẹ́ ìdí àti itan, òpó inú ìbàdí ni, ọkùnrin tó bá ní èyí sì lè rí i pé nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò dìde dáadáa mọ́.

Tó bá ti burú, kò ní dúró de ìrìn mọ́. Á máa jí èèyàn lóru, ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, àfi kó gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó rójú, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń rọrùn láti ṣàn sísàlẹ̀ ju kó ṣàn gbọọrọ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú ìyá tàbí bàbá tó ti di ẹni tó ń sun orí àga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ní sọ ọ́ títí a ó fi bi wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fọwọ́ ba ẹsẹ̀ náà

Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án láti orúnkún sọ̀ kalẹ̀: ṣé ọ̀kan tutù ju èkejì lọ? Ṣé awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tó ń dán, tí irun ọmọ ìka ti re dànù? Ẹ la àárín ọmọ ìka, ẹ wo gìgísẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá egbò wà níbẹ̀ tí kò jinná láti ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa tí awọ wa dúdú, ojú ẹsẹ̀ kì í tètè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti sá níbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú kan: tí àtẹ́lẹsẹ̀ kan bá funfun ju èkejì lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlù ẹ̀jẹ̀. Ìka méjì ni kí ẹ lò, ìyẹn èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ti àárín. Ẹ má lo àtàǹpàkò ọwọ́ nítorí òun náà ní ìlù tirẹ̀, ó lè tàn yín. Ẹ gbé ìka méjèèjì sí àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka tó tẹ̀ lé e, kí ẹ máa fà á bọ̀ sí òkè ní ìlà tó gún títí ẹ ó fi dé àárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀, níbi tí ẹ ti máa ń so okùn bàtà. Ẹ fọwọ́ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ó pa ìlù náà. Ẹ fún un ní àkókò, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí i. Ibì kejì wà lẹ́yìn kókósẹ̀ ti inú, nínú kòtò tó wà láàárín rẹ̀ àti iṣan gìgísẹ̀.

Àwọn kan wà tí ara wọn le dáadáa tí ìlù ti orí ẹsẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ bà, nítorí bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù lórí ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì kò sí lára ẹsẹ̀ kan, tí wọ́n sì wà lára èkejì, ẹ ti ní ohun tó tó láti gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀

Àyẹ̀wò yìí kò wọ́n, kò sì dunni. Ẹ̀rọ Doppler kékeré tí wọ́n ń mú lọ́wọ́, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, àti ìdè tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n nílò. Wọ́n á wọn ìfúnpá apá, wọ́n á wọn ti ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Ká ní apá jẹ́ 140, tí ẹsẹ̀ sì jẹ́ 98, ìdáhùn rẹ̀ ni 0.70. Láti 0.90 wá sísàlẹ̀, òpó ti dí nìyẹn. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín jà, òpó rẹ̀ lè ti gan tó fi jẹ́ pé ìdè kò lè fún un pa, iye náà á wá kọjá 1.40. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ara rẹ̀ dá. Ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wá wọ̀n.

Mo mọ ohun tó ń mú àwọn èèyàn wa jókòó sílé: wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní oṣù January ọdún 1964, ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ìyá àgbà ẹni ọdún 82 kan ní egbò tó ti ń kú lára ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn gé e, ìyá kọ̀ jálẹ̀. Dókítà Charles Dotter wá ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú òpó itan rẹ̀, ó fi la ibi tó fún. Ẹsẹ̀ náà móoru padà, egbò jinná, ìyá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí ó fi kú ní ọdún bíi méjì àbọ̀ lẹ́yìn náà. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ líla òpó láìṣí iṣẹ́ abẹ ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1977, Dókítà Andreas Grüntzig fi bálúùnù kékeré ṣe ti ọkàn ní Zurich, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ tó pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn ni.

Ohun kan wà tí kò gba ìdúró rárá: ẹsẹ̀ tó ṣàdédé tutù, tó ń dunni gan-an, tó funfun ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń kú tipiri, tí kò gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló ti dí i pa. Bíi wákàtí 6 ló kù kí ẹran ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ máa gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lo òye kan náà fún àyà

Tí àyà bá ń fún yín mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ bá gbé ẹrù, tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ bá sinmi, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni a tún ń sọ, ọkàn ló kàn kàn. Ó lè gba apá òsì, èjìká, párì àgbọ̀n, tàbí òkè ikùn. Obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má rí ìrora àyà kankan. Èémí tí kò délẹ̀, òógùn tútù, èébì àti rírẹ̀ tó kọjá bó ṣe yẹ ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ ló ti pe èyí ní ọgbẹ́ inú, tí wọ́n ń lo oògùn ọgbẹ́ inú sí i.

Èyí tó bá wá nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, tàbí tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. 112 ni nọ́ńbà ní Nàìjíríà, 767 náà ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. 999 ni ní Bìrìtìkó, 911 ní Amẹ́ríkà. Kí ẹni náà jókòó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan. Tí aspirin kì í bá a jà, tí kò sì ní àìsàn tó ń mú un ṣẹ̀jẹ̀, kó jẹ 300 mg lẹ́nu, kó rún un, kó má gbé e mì lódidi. Kó má wakọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ti ọpọlọ, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Tí ẹ bá fura sí rọpárọsẹ̀ lára ẹnì kan, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú, kó di ojú: ṣé ọ̀kan ń rọ̀ sísàlẹ̀? Ẹ ní kó sọ gbólóhùn kan tó mọ̀ dáadáa: ṣé ahọ́n ń lọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti gbéra.

Ẹ kọ aago tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá sílẹ̀. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn, nítorí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ kò sábà ṣeé fún ẹni tó ti kọjá wákàtí 4 àbọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó sùn ní aago 10 alẹ́, tí ẹ bá a bẹ́ẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, aago 10 ni ẹ ó sọ. Ẹ ó sì sọ òtítọ́.

Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe wá pọ̀ níbí ju ohun tó yẹ lọ. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí rọpárọsẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé òpó ló bẹ́, kì í ṣe pé ó dí, àwòrán inú orí, bíi èyí tí ẹ̀rọ CT ń yà, nìkan ló sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ má rọ epo pupa, mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu: ọ̀nà ọ̀fun lè ti kú, gbogbo rẹ̀ á sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìlọ́po méjì. Tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣúgà bá wà nílé, ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lè fara jọ rọpárọsẹ̀. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Tí gbogbo rẹ̀ bá sì kọjá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ má padà sílé láti dúpẹ́ kí ẹ gbàgbé. Èyí tó ń bọ̀ lè dé láàárín ọjọ́ méjì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Bákan náà ni ojú kan tó ṣàdédé ṣókùnkùn láti òkè sọ̀ kalẹ̀ tó sì tún là padà: òpó ọrùn ló sábà ń rán irú rẹ̀ wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dígí ojú.

Ibi tó kù

Ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá ń kọ oògùn mẹ́ta, tàbí tó ṣàdédé le lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó ti dúró dáadáa, ẹ ní kí wọ́n wo òpó kíndìnrín. Ìrora ikùn tó ń dé láàárín wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, tó mú kí èèyàn máa sá fún oúnjẹ títí ó fi rù, lè jẹ́ ti òpó ìfun.

Ti àwọn ọkùnrin ni kì í jẹ́ kí n dákẹ́. Òpó nǹkan ọmọkùnrin kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ ní fífẹ̀, ti ọkàn jẹ́ 3 sí 4. Ìwọ̀n ọ̀rá tí ọkàn ṣì lè fara dà ti tó láti dí ti ibẹ̀. Ẹni ọdún 45 tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò bá dìde dáadáa mọ́, ó lè jẹ́ pé ọdún 2 sí 5 ló fi ṣáájú àrùn ọkàn. Kó tó ra oògùn agbára lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà nínú ọkọ̀, kó lọ yẹ ọkàn, ṣúgà àti ìfúnpá rẹ̀ wò. Oògùn agbára sì lè pa ẹni tó bá ń lo nitrate fún àyà, torí méjèèjì á jọ fa ìfúnpá wálẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àyẹ̀wò àti ohun tó ń dá a dúró

Ẹni tó ti lé ní ọdún 40, tàbí tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ wọn ìfúnpá, ṣúgà, àti kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Kí ẹ tó wọn ìfúnpá, ẹ lọ tọ̀ tán, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. 140/90 sókè ní ilé ìwòsàn, tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣúgà àárọ̀ kí ẹ tó jẹun tó bá tó 126 mg/dL lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ ṣúgà ni.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn lórí ìrìn, ìrìn gan-an ni oògùn rẹ̀, tí kò bá ti sí egbò, ìrora àyà tàbí ìrora òru. Ẹ rìn títí á fi dùn dáadáa, ẹ dúró kó lọ, kí ẹ tún rìn. Kí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi jẹ́ ìṣẹ́jú 30 sí 45, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Ẹ máa ṣàmì ibi tí ẹ dé: ìdí igi, ṣọ́ọ̀ṣì, ibùdókọ̀. Ẹ ó rí i tí ibi tí ẹ ti ń dúró á máa jìnnà sí i.

Sìgá àti ṣíṣà, kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Kò sí oògùn kan tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ fún òpó ẹ̀jẹ̀ tí èéfín ń gbà lójoojúmọ́.

Ní ti oúnjẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018, nínú èyí tí wọ́n fi àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana wé àwọn tí kò ní, ó lé ní 2,000 èèyàn ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà wà níbẹ̀, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí tábìlì náà wà níbẹ̀. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ọ̀gbà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń hù sí. Kí epo má léfòó lórí ọbẹ̀, nítorí bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sókè. Ìwọ̀n iyọ̀ òòjọ́ kò gbọ́dọ̀ kún ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú mágí sì wà lára rẹ̀.

Tí dókítà bá kọ statin, ìyẹn oògùn tó ń dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kù, kì í ṣe oògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Akira Endo ará Japan ló rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lára èbu ní nǹkan bí ọdún 1973, àìmọye èèyàn ló sì ń dá sí lónìí, àwọn tó ń lò ó lọ́jọ́ tí ara wọn yá náà ni. Ẹ má fún ara yín ní aspirin ojoojúmọ́ láìbi dókítà, ó lè mú inú ṣẹ̀jẹ̀. Àgbo tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n ní ó ń fọ òpó ẹ̀jẹ̀, kò sí èyí tó ń fọ̀ ọ́. Ohun tí mo kórìíra jù nípa wọn ni pé èèyàn á torí wọn fi oògùn gidi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣètò kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹ wádìí lọ́sẹ̀ yìí: ilé ìwòsàn wo nítòsí yín ló ní ẹ̀rọ CT, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóru àti lọ́jọ́ Sunday? Ta ni ẹ lè pè ní aago 2 òru tó ní mọ́tò tó ṣeé gbára lé? Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ara yín kọ̀, àti nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹ sì fi hàn àwọn ọmọ tó wà nílé, pàápàá èyí tó kéré jù lára àwọn tó ti lè kàwé, torí ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló máa wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ náà.